Inú, Làákàyè àti Àyà

Inú ni àánú ti ń wá. Làákàyè ni í wọn ọ̀ràn wò. Àyà ni í mú ni dúró ti ohun tí ó tọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1966, àwọn ológun wá mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, nílé Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn. Ìtàn tí ó gbilẹ̀ jù, bí àwọn kan tilẹ̀ ń jiyàn rẹ̀, ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Àánú nìkan ì bá sunkún lásán. Làákàyè nìkan ì bá ka iye ìbọn, kí ó sì yẹra. Ṣùgbọ́n làákàyè kan náà ni ó mọ ojúṣe onílé sí àlejò. Àyà ni ó sọ ìmọ̀ náà di ìṣe. Wọ́n pa àwọn méjèèjì nítòsí Lálúpọn. Òpópónà Fájuyì wà nítòsí Dùgbẹ̀ di òní.