Ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ èrè ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀nà tí oníṣòwò lè gbà dín ìnáwó rẹ̀ kù

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó iná ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń wọ inú èrè oníṣòwò kékeré, láti ilé ìṣerunlóge n'Ìbàdàn dé ṣọ́ọ̀bù oògùn n'Ìkẹjà.

Lóṣù kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà sún owó yúníìtì kan fáwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ yúníìtì 1 ní wákàtí 1, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, yóò jẹ yúníìtì 260 lóṣù. Ní ₦68, owó rẹ̀ jẹ́ ₦17,680. Ní ₦225, ó di ₦58,500.

Ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló lẹ̀bi. Páànù tí kò ní àjà lábẹ́, ilẹ̀kùn tí kì í pa dé dáadáa àti fèrèsé gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń kó ooru wọlé. Ìbòòji níta fèrèsé sàn ju kọ́tìnì inú ilé lọ, nítorí oòrùn tó bá ti la gíláàsì kọjá ti di ooru inú yàrá. Ìdí nìyí tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn láwọn ọdún 1950, fi lo ògiri oníhò tó ń ṣíji bo ilé, tó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi rìmóòtù sí 16 kí yàrá lè tètè tutù. Ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter kì í tìtorí ìyẹn yára. Ńṣe ló kàn ń pẹ́ kó tó sinmi. Kí wọ́n fi sí 25, kí wọ́n tan fáànù mọ́ ọn, ara yóò tu oníbàárà. Iná tí fáànù ń jẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ẹ̀rọ náà. Kí wọ́n máa fọ asẹ́ inú rẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n má sì kó ẹrù dí èyí tó wà níta.

Ibòmíràn tówó ń gbà jò dànù ni gáàsì. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í jó tán bíi gáàsì ìdáná. Yíyí ló ń yí po nínú páìpù. Bó bá dín kù, á jẹ́ pé ó ń jò ni. Oníṣẹ́ tó ń rọ gáàsì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta láì wá ibi tó ń jò kó dí i, owó lásán ló ń gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, inverter ló dáa fún ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí látàárọ̀ dalẹ́. Ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ iná tí kò ní jẹ ni yóò dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n kó tó ná owó yẹn, kó kọ́kọ́ fọ asẹ́, kó dí àlàfo ilẹ̀kùn, kó sì wo mítà lẹ́yìn oṣù kan.