Bí Fóònù Ṣe Ń Ran Ọmọ Ilé Kéwú Lọ́wọ́, Àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bi àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú pé: "Àfáà, nígbà tí Kùránì ti wà lórí fóònù, tí a sì ń gbọ́ ohùn àwọn olùkà ńlá níbẹ̀, kí ni ọmọ tún ń wá lọ sílé kéwú?" Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020 ni èmi náà ti ń fi fóònù kọ́ ọmọ.

Ohun èlò tuntun kì í ṣe àjèjì nílé kéwú. Wàláà àti tàdáwà ni àwọn baba wa fi kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Agége ní 1955, wọ́n mú ètò kíláàsì àti ìdánwò wọ ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ní nǹkan bí ọdún 1961, Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ti Íjíbítì ka odindi Kùránì sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohùn rẹ̀ ṣì ń dún lórí fóònù wa lónìí.

Àǹfààní tí mo rí jù ni àtúnsọ. Bí ọgbọ̀n ọmọ bá wà níwájú àfáà kan, kò lè ka ẹsẹ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kì í rẹ fóònù. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń gba ohùn wọn sílẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tètè máa ń há sùúrà sórí. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni mo máa ń gbọ́ wọn. Ọmọ tí ojú máa ń tì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ka tirẹ̀ ketekete níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù kò lè wo ẹnu ọmọ. Ní èdè Lárúbáwá, qalb ni ọkàn, kalb ni ajá. Ìsàlẹ̀ ahọ́n lọ́hùn-ún, nítòsí ọ̀fun, ni lẹ́tà ق ti ń jáde. ك sún síwájú díẹ̀. Létí ọmọ Yorùbá, ohùn kan náà ni méjèèjì. Ó lè tẹ̀lé olùkà orí fóònù fún oṣù mẹ́ta, kí ó ṣì máa pe ajá níbi tó yẹ kó ti pe ọkàn. Àfáà tó jókòó tì í ni yóò ní kó la ẹnu, tí yóò fi ibi tí ahọ́n yóò kàn hàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mọ́láíkà Jibril ṣe ka Kùránì fún Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), tí Ànábì náà kà á fún àwọn sàábé rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ohun kejì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti àfáà. Ìlànà kíkà Warsh ni ọ̀pọ̀ ilé kéwú ilẹ̀ Yorùbá fi ń kọ́ni láti ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà Hafs ló pọ̀ jù lórí fóònù. Nínú Sùúrà Fátíhà, Warsh ka "maliki". Hafs fà á gùn, ó ka "māliki". Méjèèjì ló tọ́, ọ̀dọ̀ Ànábì ni wọ́n ti wá. Ọmọ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ a lọ sọ nílé pé àfáà ṣì í kà. Mo ti rí òbí tó torí èyí mú ọmọ kúrò nílé kéwú.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gbé fóònù fún ọmọ, ẹ bi àfáà rẹ̀ léèrè ìlànà tó fi ń kọ́ ọ, kí ẹ sì wá olùkà kan ṣoṣo tó ń ka ìlànà náà. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ pa dátà, kí fídíò mìíràn má baà gba ọkàn ọmọ. Bó bá ti gbọ́ ọ tán, ẹ pa fóònù, kí ó dá a kà. Èyí tó bá lè kà nígbà tí fóònù ti dákẹ́ ni tirẹ̀. Kí ó wá gbé e lọ síwájú àfáà fún àtúnṣe.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ náà ṣe àwọn ọmọ wa láǹfààní. Àmín.