Ọkọ̀ Òfuurufú Olókùn Méjì

Jim Walker ti ìlú Portland, ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú ọkọ̀ òfuurufú àfiṣeré yìí di ìlúmọ̀ọ́ká ní nǹkan bí ọdún 1940. Inú páálí ni wọ́n ti ń tà á: igi balsa pẹlẹbẹ, ìbátan àràbà tiwa, pẹ̀lú àwòrán. Ẹni tó rà á ni yóò gé e, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni! Táyà rẹ̀, rọ́bà ni, irú oje igi tó ń kán sínú ife ní oko rọ́bà Araromi-Obu.

Ẹ wo apá òsì. Wáyà tín-ín-rín méjì ló yọ níbẹ̀, tó lọ bá ìdimú lọ́wọ́ awakọ̀. Bó bá yí ọwọ́ sókè, wáyà òkè á fà, etí ìrù á gbé, ọkọ̀ á gòkè. Bó bá yí i wálẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Àárín pápá ni awakọ̀ ń dúró sí, tí á máa bá a yí títí epo ẹ́ńjìnì rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ òróró lárà, á fi tán.