Igi Ọ̀lẹ ti Erékùṣù Kọ́síkà

Àwọn àgbà ní igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé agbègbè Castagniccia, ní apá àríwá ìlà-oòrùn erékùṣù Kọ́síkà, lè fẹ́ bá òwe yìí jiyàn. Àwọn igi kasitáníyà tí wọ́n ti gbìn kí a tó bí bàbá-ńlá ẹnikẹ́ni tó wà láyé lónìí ṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Inú ìdí wọn ti dihò débi tí ọmọdé lè wọ̀ ọ́ sá fún òjò, síbẹ̀ wọ́n ń so. Ṣùgbọ́n kí ó tún wọn wò. Èyí wọ́, èyí lọ́, èyí kún fún kókó. Àwọn tó tọ́ ti lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn lulẹ̀, tí wọ́n ń là wọ́n sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń sè wọ́n, kí wọ́n lè fa oje tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń tọ́jú awọ ẹran kí ó má baà rà.

Chestnut ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀n mọ̀ ọ́n sí; wọ́n máa ń rí i níbi tí wọ́n ti ń yan án tà lẹ́bàá títì nígbà Kérésì. Ewé rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. Inú èèpo ẹlẹ́gùn-ún tí kò ṣeé fọwọ́ lásán mú ni èso rẹ̀ pupa rúsúrúsú ń gbé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ nípa igi yìí ló dùn ju igi fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn ará Jẹ́nóà, nílẹ̀ Ítálì, ló ń ṣàkóso Kọ́síkà nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 1584, gómìnà wọn pàṣẹ pé kí olúkúlùkù onílẹ̀ máa gbin igi mẹ́rin lọ́dọọdún: ọ̀pọ̀tọ́, ólífì, mọ́bẹ́rì àti kasitáníyà. Ẹni tó bá kọ̀, owó ìtanràn ń bẹ. Lórí òkè, níbi tí àlìkámà kò ti rí ilẹ̀ tẹ́jú jókòó sí, kasitáníyà gba gbogbo ibẹ̀, ó sì di oúnjẹ òòjọ́ débi tí wọ́n fi ń pè é ní igi búrẹ́dì. Nígbà tó yá, Faransé gba erékùṣù náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ọba wo àwọn ará òkè, wọ́n ní igi tí kò béèrè ìtúlẹ̀, tí kò béèrè ebè, tí oúnjẹ kàn ń já bọ́ láti orí rẹ̀, igi ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ kò ní gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu. Ní 1771, wọ́n fòfin de gbígbìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fagi lé òfin ọ̀hún.

Mo gbà pé ẹni tó kọ òfin yẹn kò bá wọn lọ sóko rí. Láti oṣù kẹwàá ni gbogbo ilé ti ń bẹ̀rẹ̀ ṣa èso lábẹ́ igi, nínú òtútù, nínú ẹ̀gún, lórí ilẹ̀ tó dagun. Wọ́n á rù ú wálé, wọ́n á tú u sórí àjà tí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ lókè ààrò, wọ́n á sì dáná jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan. Iná ọ̀hún kò gbọdọ̀ kú, kò sì gbọdọ̀ jó jù. Ẹni tí ìyá-ìyá rẹ̀ bá ti gbé àgbàdo kọ́ sókè ààrò rí yóò mọ ohun tí mò ń wí: èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á lù ú kí èèpo lè ṣí, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á tún un gbẹ nínú ààrò búrẹ́dì, wọ́n á ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan kí èyí tó dúdú má baà ba èyí tó kù jẹ́, kí ó tó dé orí ọlọ. Ọ̀lẹ wo ló lè ṣe èyí?

Nínú ìyẹ̀fun yìí ni pulenda ti ń jáde. Bí a ṣe ń ro àmàlà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń rò ó: omi tó ń hó, ìyẹ̀fun, àti ọ̀pá gígùn tó ń ṣiṣẹ́ ọmọrogùn. Tó bá ti le, wọ́n á dà á sórí aṣọ funfun tí wọ́n bu ìyẹ̀fun sí, wọ́n á sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Adùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ da Yorùbá láàmú, nítorí òkèlè tó dùn kì í ṣe ohun tí ọ̀nà ọ̀fun wa mọ̀. Ṣùgbọ́n figatellu, ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kì sínú ìfun tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú brocciu, wàrà àgùntàn tàbí ti ewúrẹ́. Iyọ̀ àti ọ̀rá wọ̀nyí ló ń ká adùn náà lọ́wọ́ kò. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun kan náà din fritelle, wọ́n ń fi ṣe nicci pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi wàrà sè é ní ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń pè ní brilluli. Wọ́n ní láyé àtijọ́, níbi ìgbéyàwó, oríṣi oúnjẹ kasitáníyà méjìlélógún ló gbọ́dọ̀ wà níwájú àlejò. Ẹni tó ka ìkejìlélógún yẹn, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Bí èso náà ṣe ń délé ni ọjọ́ àwọn òkú ń dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Lóru ọjọ́ náà, àwọn ará Kọ́síkà ayé àtijọ́ kì í ti ilẹ̀kùn, wọn kì í sì í pa iná; wọ́n á fi omi àti oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Àwọn tó ń bẹ láyé tún bà wọ́n lẹ́rù jù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn mazzeri, ẹni tí ń ṣọdẹ lójú àlá: yóò pa ẹran nínú àlá, yóò yí i padà, yóò wo ojú rẹ̀, ojú aráàlú rẹ̀ ni yóò rí, ẹni náà kì í lò ju ọdún kan lọ. Dorothy Carrington, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé erékùṣù náà, kọ odidi ìwé kan lórí wọn, ó jáde ní 1995. Èmi tí wọ́n kìlọ̀ fún láti kékeré pé n kò gbọdọ̀ jẹun lójú àlá, n kò ní bú ẹnikẹ́ni lórí èyí. Fún ojú burúkú, signadora ni wọ́n ń wá: obìnrin tí yóò kán òróró ólífì sínú àwo omi, tí yóò sì gbàdúrà kan tí a kì í kọ́ni àfi lóru ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì.

Ti oògùn wá kù. Àgbo ewé kasitáníyà jẹ́ ti ikọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọdé mí. Ó sì ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, nítorí oje tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń wá kiri náà ló ń fún ìfun pọ̀. Ní gúúsù Ítálì, omi ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ ara tó ń pọ́n. Mo máa ń ṣe iyèméjì sí irú èyí, àmọ́ Cassandra Quave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory, Amẹ́ríkà, gbé ewé náà lọ sí yàrá ìwádìí. Ní 2015 wọ́n tẹ àbájáde jáde: kò pa kòkòrò àrùn Staphylococcus aureus, ṣùgbọ́n ó gba oró lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà kò nílò ìwé yẹn. Oyin kasitáníyà dúdú, ó korò díẹ̀. Òórùn òdòdó tí oyin náà ti wá, àgbàlagbà tó ti gbéyàwó mọ̀ ọ́n, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Nínú Castagniccia kan náà ni omi Orezza ti ń sun, omi tó ń yọ ìfófòó fúnra rẹ̀ tí ó sì kún fún irin. Àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ ń rán ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ lọ mu ún. Irin yẹn ni wọ́n ń yọ kúrò báyìí kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò tà, ọ̀rọ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Ti làkúrègbé ńkọ́? Àwọn ará Yúróòpù a máa fi èso kan sápò nítorí rẹ̀, èso igi mìíràn tí wọ́n ń pè ní kasitáníyà ẹṣin. Kì í ṣe ọmọ ìyá ti jíjẹ. Ó jọ ọ́ lójú lásán ni, májèlé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sápò bí ẹ bá fẹ́, ẹ má ṣe fi sẹ́nu.

Igi náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Ní 2010, kòkòrò wínníwínní kan tó ti Ṣáínà wá dé Kọ́síkà. Inú ẹ̀hù ló ń yé sí, ẹ̀hù náà á wú, igi kò sì ní so bó ṣe yẹ. Kòkòrò mìíràn, ará Ṣáínà bíi tirẹ̀, ni wọ́n tú sílẹ̀ láti máa jẹ ọmọ rẹ̀.

Oṣù kejìlá ni kí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu rìnrìn àjò lọ, nígbà tí ọjà kasitáníyà ń ná ní abúlé Bocognano, tí figatellu ṣì tutù, tí ìyẹ̀fun tuntun dé, kí ó sì béèrè èyí tó ní àmì AOP, àmì tó ń jẹ́rìí pé Kọ́síkà gan-an ni ìyẹ̀fun náà ti wá. Ẹni tó bá lọ ní oṣù keje, bíà Pietra ni yóò bá, èyí tí wọ́n ti ń fi ìyẹ̀fun kasitáníyà pọn láti 1996. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun èṣí ni wọn yóò fi ro pulenda fún un, wọn kò sì ní sọ.