Ohun Tí Àwọ̀ Iná Gáàsì Ń Sọ: Ìtọ́jú Sítóòfù àti Ófùn

Àwọ̀ iná ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá sítóòfù gáàsì mọ́ tàbí kò mọ́. Iná tó dára máa ń jẹ́ búlúù, ó máa ń dúró ṣinṣin lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kì í sì í pariwo. Bí orí iná bá di àwọ̀ ìyeyè, tó ń jó lẹ́lẹ́, tí ìdí ìkòkò tó ń dán lánàá sì dúdú lónìí, gáàsì náà kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó. Àwọn ẹlòmíì a máa rò pé ẹni tó ta gáàsì ló ta ayédèrú, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà.

Àdàlù propane àti butane ni gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú sílíńdà. Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn ló wà nínú àwọn méjèèjì. Bí ọ́síjìn bá tó, kábọ́ọ̀nù á jó di carbon dioxide, háídrójìn á sì di omi tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ọ́síjìn kò bá tó, díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù á ṣẹ́ kù bí egunrín dúdú wẹ́wẹ́ tí ooru mú pọ́n láàárín iná. Àwọn egunrín yìí ni ojú ń rí bí àwọ̀ ìyeyè, àwọn kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Èyí tó léwu jù nínú ohun tí àìtó ọ́síjìn ń mú jáde kò ṣeé rí, kò sì ní òórùn. Orúkọ rẹ̀ ni carbon monoxide, ó sì ń lẹ̀ mọ́ èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé ilé ìdáná fi gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí iná bá ń jó.

Kì í ṣe gbogbo iná tó bá yí àwọ̀ padà ló ní àrùn. Bí omi oníyọ̀ bá hó dà sórí iná, sódíọ̀mù inú iyọ̀ á mú un pọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sí búlúù. Èyí tó bá dúró bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìdáná ló ń fẹ́ àyẹ̀wò.

Ibi mẹ́ta tí ìdọ̀tí ń dí

Ọgbọ́n pípo afẹ́fẹ́ mọ́ gáàsì kí ó tó jó ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni Robert Bunsen àti Peter Desaga fi ọgbọ́n náà ṣe iná iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Heidelberg, ní Jámánì. Bákan náà ni bọ́nà sítóòfù ṣe ń ṣiṣẹ́. Gáàsì á gba ojú ihò kan tí kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀ jáde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Eré tó bá jáde ló ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú ọ̀pá bọ́nà. Méjèèjì á pò pọ̀ níbẹ̀, wọn á sì jáde ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó yí orí bọ́nà ká.

Ihò orí bọ́nà ni ìdọ̀tí kọ́kọ́ máa ń dí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ, omi ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó bá hó dà sílẹ̀ ń gbẹ sí. Ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ lábẹ́ bọ́nà ló tẹ̀ lé e. Eruku àti òwú aláǹtakùn a máa kó síbẹ̀, pàápàá bí sítóòfù bá ti pẹ́ nílẹ̀ láìṣiṣẹ́. Jẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Bí iná bá ga lápá kan tó kú lápá kejì, ihò orí bọ́nà ló dí. Bí ó bá pọ́n yíká, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá kéré bó tilẹ̀ jẹ́ pé sílíńdà kún, jẹ́ẹ̀tì, hóòsì tàbí rẹgulétọ̀ ló lọ́wọ́ sí i.

Ọ̀ràn sítóòfù tòkunbọ̀ tún yàtọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá láti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe fún gáàsì ojú páìpù, tó jẹ́ pé methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Agbára tó wà nínú propane lé ní ìlọ́po méjì ti methane bí ìwọ̀n àyè wọn bá dọ́gba, nítorí náà ihò jẹ́ẹ̀tì ti gáàsì páìpù fẹ̀ ju ti sílíńdà lọ. Bí wọ́n bá so irú rẹ̀ mọ́ sílíńdà láìpààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, iná á ga, á pọ́n, á sì máa kun ìkòkò. Kò sí fífọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn.

Fífọ bọ́nà

Ẹnu sílíńdà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tì, kí sítóòfù sì tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé irin tí ìkòkò ń jókòó lé kúrò, wọ́n á ṣí ọmọrí bọ́nà àti orí rẹ̀, wọ́n á kó wọn sínú omi gbígbóná tí ọṣẹ olómi wà nínú rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó dára fún ojú àwọn ihò. Èyí tó bá dí gbọingbọin ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún. Ẹyọ ìgbálẹ̀ àti igi ìtayín kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí wọ́n a máa ṣẹ́ sínú ihò. Jẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, idẹ rírọ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é; bí abẹ́rẹ́ bá fẹ ojú rẹ̀ díẹ̀ péré, gáàsì tó ń jáde á ju bó ṣe yẹ lọ. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ló bọ́gbọ́n mu jù.

Gbígbẹ ṣe pàtàkì bíi fífọ̀. Bọ́nà tó ṣì tutù á máa ta pàrà, iná rẹ̀ á sì máa kú. Bí omi bá wà lára ẹyọ funfun tó ń ṣáná, kò ní ta iná rárá. Ọmọrí bọ́nà gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀, torí bí ó bá yẹ̀, iná á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Epo tó ti gan

Epo pupa tàbí òróró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sílẹ̀ kò le láti nù. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ti tó o. Ṣùgbọ́n bí ooru bá sè é léraléra, òun àti ọ́síjìn á so epo náà pọ̀ di awọ líle, aláwọ̀ pupa ṣókí, tí ọṣẹ lásán kò lè wọ̀. Álíkálì ló ń tú u. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́, torí omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú, irú bí eérú èèpo kòkó, ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí á fi di ọṣẹ. Lára sítóòfù náà, álíkálì á sọ ọ̀rá di ọṣẹ, omi á sì gbé e lọ.

Sódà tí wọ́n ń fi ṣe kéèkì ni álíkálì tí kò le. Wọ́n á fi omi díẹ̀ pò ó kí ó ki, wọ́n á fi kun ojú ibi tó dọ̀tí, ó sì lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da fínígà mọ́ ọn nítorí ìfófòó rẹ̀, àmọ́ ásíìdì ni fínígà, ńṣe ni àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Carbon dioxide ni ohun tó ń hó náà, omi oníyọ̀ tí kò lè ṣe epo ní nǹkan kan ló sì kù nílẹ̀. Kí wọ́n lo fínígà lọ́tọ̀, fún àbàwọ́n omi tàbí ìpẹtà. Bílíìṣì ń pa kòkòrò àìfojúrí, kì í tú epo, bí ó bá sì pàdé fínígà, gáàsì chlorine tó ń pa èèyàn lára ló ń jáde.

Inú ófùn

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, inú ófùn ni wọ́n ń kó páànù àti ìkòkò sí, aáyán a sì máa fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kíkó gbogbo rẹ̀ jáde ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ara ògiri ófùn jẹ́ irin tí wọ́n fi gíláàsì yíyọ́ bò ní ooru tó tó 800°C, ìdí nìyẹn tó fi ń dán, tí álíkálì kì í sì í tètè bà á jẹ́. Kànrìnkàn onírin ló máa ń ha á lára. Oògùn ìfọ́fùn tó ní kọ́ọ́sítíìkì sódà lágbára gan-an, ibọ̀wọ́ àti fèrèsé ṣíṣí ni wọ́n fi ń lò ó. Kò gbọ́dọ̀ kan alumíníọ̀mù, torí ó ń jẹ ẹ́. Kò sì gbọ́dọ̀ kan irin kékeré tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Ìwọ̀n bí ìka ọmọdé ni irin náà, òun ló sì ń ṣọ́ iná. Irin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n so pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí iná bá mú un gbóná, ìwọ̀n iná mànàmáná bíńtín á jáde, ìyẹn ló sì ń mú kí ẹnu ọ̀nà gáàsì wà ní ṣíṣí. Bí iná bá kú, á tutù, á sì ti gáàsì pa. Bí ófùn bá ń kú ní gbàrà tí èèyàn bá tú ọwọ́ ìtanná sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé irin yìí ni ìdọ̀tí bò. Aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi ń nù ún.

Kò yẹ kí wọ́n tẹ́ fóìlì sílẹ̀ ófùn kí epo má baà ta sí i, torí ó ń dí ihò afẹ́fẹ́. Àwọn ófùn oníná mànàmáná kan ń fọ ara wọn. General Electric gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963. Wọ́n ń gbóná tó nǹkan bí 480°C, tí ìdọ̀tí á fi di eérú tó ṣeé nù. Róbà ẹnu ilẹ̀kùn náà ń fẹ́ ìtọ́jú, torí bí ó bá ya, ooru á máa jáde, kéèkì á sì máa jinná lápá kan.

Hóòsì àti sílíńdà

Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀, butane sì tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, gáàsì tó bá ń jò kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń kó jọ sí. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ti tó fún un láti gbiná. Kò ní òórùn tẹ́lẹ̀. Òórùn tí imú ń gbọ́ jẹ́ ti ethyl mercaptan tí wọ́n pò mọ́ ọn. Omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá ibi tó ń jò. Wọ́n á fi pa hóòsì àti ìsopọ̀ rẹgulétọ̀ lára, wọ́n á sì wo ibi tí yóò ti hó. Ìṣáná kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá hó, wọ́n á ti sílíńdà, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọn kò sì ní tan tàbí pa iná mànàmáná kankan. Hóòsì tó bá ti sán, tó le gbagidi tàbí tí eku ti jẹ lára kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀, pípààrọ̀ ni.

Nínù lẹ́yìn ìdáná kọ̀ọ̀kan, fífọ bọ́nà lóṣooṣù àti fífi omi ọṣẹ yẹ hóòsì wò nígbàkígbà tí wọ́n bá rọ gáàsì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè ṣe. Jẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ ìpààrọ̀, rẹgulétọ̀ tó ń jò àti iná tó ṣì pọ́n lẹ́yìn fífọ̀ di ti oníṣẹ́.