Ìpèsè styrene àti propylene oxide papọ̀

Ìpèsè styrene àti propylene oxide papọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ń gbà mú èròjà méjì jáde nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Styrene ni a fi ń ṣe ike polystyrene àti irú rọ́bà kan tí ó wà nínú táyà ọkọ̀. Propylene oxide sì wúlò fún ṣíṣe fóòmù ibùsùn àti ti àga.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Lákọ̀ọ́kọ́, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ethylbenzene olómi gbígbóná. Ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ náà yóò sọ apá kan rẹ̀ di ethylbenzene hydroperoxide. Lẹ́yìn èyí, hydroperoxide náà yóò fún propylene ní átọ̀mù ọ́ksíjìn kan, propylene yóò sì di propylene oxide. Molybdenum tàbí titanium ni ó ń mú kí ìyípadà yìí yá. Ohun tí hydroperoxide fúnra rẹ̀ dà ni 1-phenylethanol. Bí a bá yọ omi kúrò lára rẹ̀, ó di styrene. Acetophenone tí ó tún jáde kì í ṣòfò: a ó fi háídrójìn sọ ọ́ di 1-phenylethanol.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ó lo ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Puertollano, ní Spéìn, ní ọdún 1973.

Àǹfààní àti ìṣòro

Ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń ṣe propylene oxide nílò klorínì, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ omi oníyọ̀ sílẹ̀ bí ìdọ̀tí. Ọ̀nà yìí kò nílò klorínì. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù propylene oxide kan ń mú styrene tí ó ju tọ́ọ̀nù méjì lọ wá, a kò sì lè ṣe ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọjà styrene bá kùtà, èrè propylene oxide náà yóò dínkù.

Ó tún gba ìṣọ́ra. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2014, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Shell ní Moerdijk, ní Nẹ́dálándì, nígbà tí wọ́n ń mú ẹ̀ka tí ń lo háídrójìn gbóná kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Àjọ tí ń ṣèwádìí ààbò ní orílẹ̀-èdè náà rí i pé ethylbenzene, tí wọ́n kà sí ohun tí kò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ni ó bá èròjà tí ń mú ìyípadà yá nínú ẹ̀ka náà ṣiṣẹ́, tí ooru àti ìfúnpá fi kọjá agbára àgbá náà.