Ṣé o mọ̀ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń parọ́ mọ́ sẹ́nsọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ lè wà ní Igbó-Ọrà lọ́sàn-án gangan, kí òógùn máa bọ́ lára awakọ̀, kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sì gbà pé yìnyín ti bo ẹ́ńjìnnì? Sẹ́nsọ̀ tó ń wọ̀n bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ló ń fà á. Bí omi bá tutù, iná kì í ráyè kọjá dáadáa nínú sẹ́nsọ̀ náà. Bí omi bá gbóná, ọ̀nà á là fún iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, bí omi bá wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdènà inú sẹ́nsọ̀ náà á wà láàárín óòmù 2,000 sí 3,000. Tó bá fi máa dé 80, á ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 300. Wáyà kan wá já nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn. Iná ò kọjá mọ́ rárá. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé wáyà ló já. Ohun tó mọ̀ ni pé ìdènà ti pọ̀ kọjá ààlà, òtútù ni ìdènà tó pọ̀ sì túmọ̀ sí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Á kà á sí −40.

Ṣé o mọ̀ pé −40 yìí nìkan ni ibi tí òṣùwọ̀n Celsius àti ti Fahrenheit ti pàdé? Bí síkánà, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, bá gbé e jáde fún ọ ní Ìbàràpá, agbègbè Igbó-Ọrà níbí, bóyá Celsius ni tàbí Fahrenheit, irọ́ ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Irọ́ yẹn ń jẹ owó. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ń fẹ́ epo púpọ̀, nítorí náà kọ̀ǹpútà á máa rọ epo sí i. Èéfín dúdú á máa jáde lẹ́nu sàléńsà, púlọ́ọ̀gì á dúdú bí ìkòkò ìdí àdògán, epo tó yẹ kó gbé ọ dé Ìbàdàn kó tún gbé ọ padà á tán lójú ọ̀nà. Àwọn ọkọ̀ kan gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á fura, wọ́n á tan iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì jẹ́ kí fáànù máa yí láìsinmi kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n torí irú fáànù bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ rédíétọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwa la sọ ríwáyà di orúkọ ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe? Lẹ́nu àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ìwé àwọn tó ṣe ọkọ̀ ń pè ní kọnẹ́kítọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ríwáyà ń pè é, láti Igbó-Ọrà títí dé Ládípọ̀ ní Múṣin. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí wọ́n gbé wá sílé ni, kó tó di orúkọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò kó tó kàn wá. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó dé Èrúwà lónìí ti lè lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ sì ti lo ogún ọdún pẹ̀lú rẹ̀ nínú ooru.

Ṣé o mọ̀ pé Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975 kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyọnu yìí? Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, a ó sì fi síkúrú-dírábà yí i títí ohùn ẹ́ńjìnnì á fi tura. Àmọ́ láti ọdún 1967 ni iléeṣẹ́ Bosch ní Jámánì ti ń ta ètò Jetronic, tó ń fi iná pín epo, tí wọ́n kọ́kọ́ lò nínú Volkswagen 1600. Lọ́dún 1976, sẹ́nsọ̀ tó ń tọ́ èéfín wò wọ inú ọkọ̀ Volvo. Sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wọlé, sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ló fà lọ́wọ́.

Ṣé o mọ ìdí tí ihò síkánà fi wà lábẹ́ ibi ìdarí ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá? Òfin wọn ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ ti ọdún 1996 síwájú. Ihò 16 ló ní. Ní Yúróòpù, ó di dandan fún ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù lọ́dún 2001. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ti ọdún 1997 fi lè kọ̀ láti dá síkánà lóhùn, tí ti Amẹ́ríkà ọdún kan náà á sì dáhùn.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí gan-an nìyí. Ṣé o mọ̀ pé síkánà kì í sọ pé sẹ́nsọ̀ ti bàjẹ́? Nọ́ńbà bíi P0335 ń sọ pé ọ̀nà iná sẹ́nsọ̀ tó ń ka yíyí kíráńkì ní ìṣòro. Ọ̀nà iná ni, láti ara sẹ́nsọ̀, gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, gba ara wáyà, dé bíréènì-bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ọ̀nà Èrúwà ò dáa, kò sọ pé ìlú Èrúwà ò dáa. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń wo nọ́ńbà yẹn tí wọ́n sì ń rán oníọkọ̀ lọ ra sẹ́nsọ̀. Ó ń dùn mí, torí owó tí ẹlòmíràn ń fi gààrí kó jọ ni.

Èmi náà ti san owó ẹ̀kọ́ yìí rí. Kòròlà 1998 ni mò ń wà. Láàárín Èrúwà sí Lánlátẹ̀, bí oòrùn bá ti mú, ọkọ̀ á kàn kú mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtùpà tí atẹ́gùn fẹ́ pa. Bí mo bá dúró tí ẹ́ńjìnnì tutù, á tún ta bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Síkánà ní P0335. Mo ra sẹ́nsọ̀ kíráńkì, ọkọ̀ kú. Mo ra òmíràn. Ọkọ̀ tún kú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ bíréènì-bọ́ọ̀sì fún mi. Bàbá ríwáyà kan ní Igbó-Ọrà ló ní kí n má tíì ra nǹkan kan mọ́.

Bàbá ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí tí á fi gbóná dáadáa. Ó mú igi gbígbẹ kan tó gùn, kó má baà na ọwọ́ sún mọ́ bẹ́líìtì tó ń yí, ó fi rọra ti wáyà sẹ́nsọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì kú. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tún un ta, ó tún ti wáyà náà, ẹ́ńjìnnì tún kú. Ó wá ní, “Ọmọ mi, ṣé o rí i báyìí? Wọn ò bá sẹ́nsọ̀ rojọ́ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi.”

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Kílíìpù tó yẹ kó dè é mọ́ra ti kán tipẹ́; ẹnì kan ti fi okùn rọ́bà so ó. Rọ́bà tó yẹ kó lé omi sẹ́yìn ti mu ọ́ìlì yó, ó wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Ara wáyà méjèèjì ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ jà. Nínú lọ́hùn-ún, ẹnu pínnì kan ti là, kò di ìkejì rẹ̀ mú mọ́. Ní òwúrọ̀ tútù, wọ́n ṣì ń kan ara wọn. Bí ooru bá ti dé tí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, wọ́n á jìnnà síra wọn. Kọ̀ǹpútà ò ní mọ ibi tí kíráńkì dé mọ́, kò sì ní tan iná fún púlọ́ọ̀gì mọ́.

Ṣé o mọ ohun tó ń la ẹnu pínnì? Ọwọ́ àwa tó ń wá àìsàn ọkọ̀ ni, nígbà púpọ̀. Ẹni tó bá ti ẹnu mítà tó nípọn bọ inú pínnì obìnrin ti fẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ìṣòro tí kò sí tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí wáyà ti wọlé, ni kí a ti fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé pínnì lè bàjẹ́ láìsí ẹ̀kán omi kan? Tánńganran ni wọ́n fi bo ojú ọ̀pọ̀ pínnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, ojú irin méjèèjì á máa ha ara wọn díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú ò lè rí, á máa ya ìyẹ̀fun dúdú tí iná kì í gbà kọjá. Góòlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n sábà máa ń fi bo pínnì tí ẹ̀mí ènìyàn gbára lé, bíi ti éábáàgì. Má ṣe so góòlù pọ̀ mọ́ tánńganran o: wọn kì í gbé pọ̀ pẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn sẹ́nsọ̀ èéfín kan ń mí gba inú wáyà wọn? Wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ìta wé èéfín inú, ààrin àwọn fọ́nrán wáyà ni afẹ́fẹ́ náà sì ń gbà wọlé. Ẹni tó bá jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà yẹn, tàbí tó kó gírísì kún inú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ti fọwọ́ dí i nímú.

Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣé o mọ̀ pé sẹ́nsọ̀ kíráńkì náà ní ìbejì tirẹ̀? Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn láti òkèèrè wá ni. Ìránṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kéré gan-an, iná ńlá tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì sì wà nítòsí. Bí wọ́n bá lọ́ mọ́ra, ariwo tó bá kan Táyé á kan Kẹ́hìndé bákan náà, kọ̀ǹpútà á sì yọ ọ́ dànù. Ríwáyà tó bá tú wọn sílẹ̀ nígbà tó ń pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tún wọn lọ́ padà. Kó má sì fi Táyé sí ipò Kẹ́hìndé, ẹ́ńjìnnì lè kọ̀ láti ta tàbí kó máa ta ségesège. Tí sẹ́nsọ̀ bá jẹ́ oníwáyà mẹ́ta, irú mìíràn nìyẹn sábà máa ń jẹ́: orí ohun tí Edwin Hall ará Amẹ́ríkà rí lọ́dún 1879 ló ń ṣiṣẹ́ lé, nígbà tí ọkọ̀ bẹntiróòlù kò tíì gba ojú títì.

Báwo wá ni Bàbá ṣe pààrọ̀ tèmi? Ó fi sípánà 10 tú orí bátìrì, ẹ̀gbẹ́ òdì ló kọ́kọ́ tú. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi fóònù ya àwòrán wáyà àti àwọ̀ wọn. Mo ti gba sọ́kẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ pẹ̀lú wáyà gígùn lẹ́yìn rẹ̀ ní Àràròmí, ní Gate, Ìbàdàn. Kò gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó gé ọ̀kan, ó so ó, kó tó gé ìkejì, ibi tó sì ti gé ìkejì jìnnà díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí oríkèé méjèèjì má baà fara kan ara wọn. Ó ní òun ò ní jó lẹ́ẹ̀dì sí i. Lẹ́ẹ̀dì tó yọ́ máa ń wọ inú fọ́nrán wáyà, á sọ ọ́ di gbọ̀ngbọ̀n, ibi tí gbọ̀ngbọ̀n yẹn bá parí sí ni ìgbọ̀n-ẹ́ńjìnnì á ti kán an. Irin kékeré oníhò ló fi dì í, ó fi ẹ̀mú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, ó fà á wò dáadáa. Ó ti fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí wáyà kó tó so ó. Ó wá fi iná yá a díẹ̀, rọ́bà náà sún kì, lẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ sì yọ létí méjèèjì. Ẹni tó bá fi tépù dúdú nìkan dì í, ooru á sọ lẹ́ẹ̀ ara tépù náà di omi kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí.

Wáyà inú ilé ńkọ́, tó jẹ́ irin kan ṣoṣo? Má fi sí i. Ó máa kán.

Bákan náà, tí o bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, padà lẹ́yìn rẹ̀. Ti éábáàgì ni àwọ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́, ìbúgbàù tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi mítà dán wò. Àwọn tó ń bá wa fọ ẹ́ńjìnnì náà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe dojú omi tó ń tú yàà kọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tútù àti búrọ́ọ̀ṣì tó.

Nígbà tí Bàbá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà bọlé, ó ní kí n sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ọ. Kílíìpù dún, kọ̀ọ̀. “Bí kò bá dún,” ó ní, “kò tíì wọlé.” Kí ó tó ṣe ìyẹn, ó ti béèrè sẹ́nsọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọkọ̀ dé láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ní ó ti kú. Mo ṣì ní i nínú búùtù, nínú ọ̀rá kan. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, ó nu ọ́ìlì kúrò lójú rẹ̀, ó yọ tuntun tí mo rà kúrò, ó sì dá àtijọ́ padà sáyè rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni mo wà á lọ sí ọjà Máyà, mo sì padà. Sẹ́nsọ̀ yẹn ló ṣì wà lára ẹ́ńjìnnì títí di òní. Àwọn tuntun méjèèjì wà nínú ọ̀rá, nínú búùtù.